Mo Fẹ́ Dá Hẹ́dífóònù Yìí Padà, Àṣé Kò Ṣẹ̀

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo hẹ́dífóònù yìí, irú èyí tó bo etí mọ́lẹ̀ tí kò ní wáyà. Iṣẹ́ títún ohùn ṣe ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ gbọ́ ohùn bó ṣe wà gan-an, láìsí àbùlà. Ọjọ́ kejì tí mo rà á ni mo ti fura sí i.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba, ni mo bá fi ohùn kan tí Diana Deutsch, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ ohùn, ṣàlàyé lọ́dún 1974 dán an wò. Ohùn méjì péré ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ní ìgbà 800. Bí èyí bá wà létí ọ̀tún, ìyẹn á wà lósì, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ààyè ṣáá. Kò sígbà tí etí kankan sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni ohùn tínrín lọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà ohùn ńlá lósì, ọ̀kan ń dákẹ́ de èkejì. Mo ní ó parí, apá òsì kò lè gbé ohùn òkè.

Mo ti ń dì í padà sínú páálí kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n yí i lórí, kí apá òsì bọ́ sétí ọ̀tún. Ohùn tínrín kò kúrò lọ́tùn-ún! Bó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ ni, àléébù náà ì bá tẹ̀ lé apá tó ti bàjẹ́. Ọpọlọ mi ló ń pín ohùn náà bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún.

Ó dà bí àwòrán pátákó onígun mẹ́rin-mẹ́rin dúdú àti funfun tí Edward Adelson, onímọ̀ nípa bí ojú ṣe ń ríran, yà lọ́dún 1995, níbi tí àwọ̀ eérú kan náà ti jọ dúdú níbì kan, tó jọ funfun lábẹ́ òjìji. Mo fi ìwé bo ìyókù kí n tó gbà.

Béèsì rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi orin dán béèsì wò. Láti inú àwọn ohùn òkè tó ń bá a rìn ni etí ti máa ń ro ohùn ìsàlẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn ọkùnrin fi ń dún bí ohùn ọkùnrin lórí tẹlifóònù àtijọ́ tí kì í gbé ohun tó kéré sí ìgbà 300. Ohùn kan ṣoṣo, ìgbà 40, láìsí alábàárìn, ni mo fi dán an wò. Nígbà tí mo fi sípíkà fóònù mi gbé e, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Hẹ́dífóònù yìí gbé e jáde dáadáa.

Ó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ pa ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó máa ń mú etí gbóná, ó sì ń fún orí ẹni tó bá lo gíláàsì pinpin.

Àbúrò mi, tó ń lo ọwọ́ òsì, gbé e sétí lánàá. Ó ní òsì ni ohùn tínrín wà. A ṣì ń jiyàn.