Mọ́tò onírìmóòtù tó ń gun àpáta: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà á ní Àbújá

Bí èèyàn bá ti Kubwa ń lọ sí ìgboro Àbújá, tó wá yà sí Mpape, àpáta ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń gbé mọ́tò mi lọ láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Kì í ṣe mọ́tò eré sísá o. Ìrìn rẹ̀ kò yá ju ti ẹni tó ń rọra gbẹ́sẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gun òkúta, kó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, kó sì tún jáde láìdojú dé. Crawler ni àwa tá à ń ṣe é ń pè é. Kò sí ìgbà tí mo gbé e jáde tí ẹnì kan kì í dúró wò ó, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń tà á?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ni ì bá wù mí kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn: bí jíà rẹ̀ bá fọ́ lónìí, ọ̀nà wo ni òmíràn máa gbà dé ọwọ́ mi? Èmi ò tíì rí ìsọ̀ kan ní Wuse tàbí Garki tí mo wọ̀ tí mo bá gbogbo páàtì mọ́tò wọ̀nyí lórí àtẹ. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun la fi ń ránṣẹ́, tàbí ká san owó ọkọ̀ òfurufú. Mo ti rí mọ́tò olówó ńlá tó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́rin nítorí nọ́ọ̀tì kan àti jíà kan. Ojú yẹn ni mo fi wo gbogbo èyí tí mo fẹ́ fi wéra níbí.

Bí wọ́n ṣe tóbi sí

Nọ́ńbà bíi 1/10 tàbí 1/24 tó wà lára páálí ń sọ ìdá tó jẹ́ nínú mọ́tò gidi. TRX-4 tí Traxxas ṣe jẹ́ 1/10. Èyí tó gbé àwọ̀ Land Rover Defender wọ̀, mìlímítà 324 ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. TRX-4M tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ jẹ́ 1/18, mìlímítà 155 péré ni tirẹ̀. Fún TRX-4M, òkúta tó tó kóńgò gàrí kan ti di òkè. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta àti pákó kan lẹ́yìnkùlé ti tó o ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan. TRX-4 á gun nǹkan wọ̀nyẹn kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, àpáta gidi ló ń fẹ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Lugbe tàbí Nyanya, tí kò ní ọkọ̀ tó máa fi gbé e lọ síbi tí àpáta wà, kékeré ni kó rà.

WPL C24 àti MN82: àwọn olówó pọ́ọ́kú

Ṣáínà ni méjèèjì ti wá. C24 jẹ́ 1/16, ó jọ Toyota Hilux àtijọ́. MN82 jẹ́ 1/12, ó jọ Land Cruiser 70 tó ní ìkẹ́rù lẹ́yìn. Irú àwọn mọ́tò tá à ń rí lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà Kaduna àti Kano nìyẹn, ìdí rèé tí àwọn ọmọdé fi máa ń fẹ́ràn wọn. Àwọn ni owó wọn kéré jù nínú gbogbo èyí tí mo máa dárúkọ.

C24 ni èmi fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kó gun òkúta kan tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Táyà iwájú há, mo tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ẹ̀yìn ò yí. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé, ṣáàfù ike tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀, dúdú rẹ̀ sì ti di funfun níbi tó ti lọ́. Mo fi ti irin rọ́pò rẹ̀, inú mi dùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, jíà ike inú axle ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, bó léyín. Ibi tó rọ̀ jù ló máa ń gba ìyà, bẹ́ ẹ bá sì ti fún ibì kan lókun, ìyà náà á wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ má ra ṣáàfù irin nìkan. Ẹ ra jíà irin fún axle méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó ìkẹ́rù má di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ sì fi bẹ́rínì síbi tó bá jẹ́ òrùka ike ni wọ́n fi sí.

Ọ̀rọ̀ servo tún wà níbẹ̀. Servo ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá C24 mi wá ní wáyà márùn-ún, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni wáyà servo tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Mi ò lè pààrọ̀ rẹ̀ láìyọ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ dànù, kí n ra rìmóòtù tuntun, risífà tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, àti ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn iná fún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí màá fi parí C24 yẹn, owó tó wọnú rẹ̀ ti tó ra TRX-4M. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, torí ara rẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Bí ìyẹn bá wu ẹ̀yin náà, WPL ń ta C24 ní títú, láìsí ẹ̀rọ iná nínú rẹ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ má sanwó bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa jù nù.

TRX-4M àti SCX24

Ọdún 2019 ni Axial mú SCX24 tó jẹ́ 1/24 jáde, TRX-4M dé ní 2022. Àwọn méjèèjì ló ń bá bátìrì àti ṣájà wọn wá nínú páálí. Lójú tiwa níbí, nǹkan ńlá ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni òfin ìrìnnà òfurufú kò ti gbà kí wọ́n kó bátìrì lithium-ion tó dá wà gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bààlúù akérò, irú LiPo tí mọ́tò wọ̀nyí ń lò sì wà lára wọn. Èyí tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ohun tó ń lò ó ní òfin tirẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ sì rọrùn díẹ̀. Ẹni tó ń bá yín kẹ́rù lè gba TRX-4M láìjanpata, kó sì kọ bátìrì tẹ́ ẹ rà lọ́tọ̀ fún TRX-4.

Nínú àwọn méjèèjì, TRX-4M ni mo máa mú. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní òróró nínú, ẹ̀rọ iná rẹ̀ kò bẹ̀rù omi, ìtẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kó dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ níbi tí SCX24 ti ń gbọ̀n. Ojú USB ni ṣájà rẹ̀ ń lò, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọn ò bá mú iná wá, ẹ lè fi páwà báǹkì gba iná fún un. SCX24 dára fún orí tábìlì àti inú ilé, ó ṣeé kì bọ inú báàgì lọ síbi iṣẹ́. Lóde, lórí ilẹ̀ pupa tó ní òkúta tiwa yìí, ó kéré jù fún mi.

TRX-4, SCX10 III àti Enduro

Ibí ni owó ti ń wúwo. TRX-4 ju ìlọ́po méjì owó TRX-4M lọ, wọn kì í sì í fi bátìrì tàbí ṣájà sí i. Kí ló wá mú kó tó bẹ́ẹ̀?

Differential ni ìdáhùn tèmi. Nínú axle mọ́tò lásán, táyà tó bá rọrùn fún láti yí ni differential máa ń jẹ́ kó yí. Bí táyà ọ̀tún bá dúró lófurufú, òun nìkan ni yóò máa yí, èyí tó tẹ òkúta á dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tì í pa nínú crawler, kí táyà méjèèjì lè jọ máa yí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tì pa títí láé kì í fẹ́ kọ́nà, àyè ńlá ló fi ń yípo. Láti ọwọ́ rìmóòtù ni TRX-4 ti ń tì í tó sì tún ń ṣí i, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Mo ti bá ara mi láàárín òkúta méjì lórí àpáta, tí mo ṣí ti iwájú, tí mo fi yí i jáde láìfọwọ́ kàn án. Jíà méjì tún wà nínú rẹ̀, ti lílọ wẹ́rẹ́ àti ti gígun òkè, rìmóòtù náà ló ń yí i.

SCX10 III tí Axial ṣe, èyí tó gbé àwọ̀ Jeep JLU Wrangler wọ̀, ti differential tirẹ̀ pa. Òun àti TRX-4 jọ ní portal, ìyẹn jíà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ kí ọ̀pá axle ga ju àárín táyà lọ, kí ikùn rẹ̀ má bàa máa họ òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó jọ mọ́tò gidi, SCX10 III á tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, torí wọ́n ṣe inú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì tà á ní títú rí. Enduro ti Element RC kò ní portal, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju tàwọn méjì yẹn lọ. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé gíà-bọ́ọ̀sì rẹ̀ lè jẹ́ kí táyà iwájú yára díẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ, kí iwájú máa fa mọ́tò gòkè.

Ẹ wo orí bátìrì, ìyẹn ibi tí wọ́n fi ń so ó mọ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ tó sanwó. Traxxas ní irú tirẹ̀, SCX10 III ń lo IC3, XT60 ló sì wọ́pọ̀ lára bátìrì mìíràn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó ra èyí tó bá ṣájà rẹ̀ mu. Ṣájà tó lè gba iná 12V ni mo fara mọ́, torí mo lè so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ bí kò bá sí iná nílé.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ẹni tuntun máa ń sáré lọ bá. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Rọ́bà tó rọ̀ ló ń di àpáta mú, fóòmù inú rẹ̀ sì ṣe pàtàkì bíi rọ́bà fúnra rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà. Bó bá le tó bẹ́ẹ̀ tí kò wọlé, orí òkúta ni yóò máa yọ̀. Bí rímù bá kan ilẹ̀ kíá, fóòmù rọ̀ jù.

Lẹ́yìn táyà, ìwọ̀n. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe páàtì tó wúwo tí wọ́n ń dè mọ́ axle àti inú rímù, kí ìwọ̀n mọ́tò lè wà nísàlẹ̀ àti níwájú. Ohun tí mo fi ń dán an wò ni pákó kan: mo gbé mọ́tò lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rọra gbé etí pákó sókè, mo sì fi ẹfun sàmì síbi tó ti fẹ́ ṣubú. Nígbà tí mo so idẹ mọ́ axle iwájú TRX-4M mi, àmì yẹn gòkè gan-an. Ẹ má gbé ẹrù sórí òrùlé mọ́tò nítorí ẹwà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí gbà nísàlẹ̀ ló ń ba jẹ́.

Servo ló kàn. Fún 1/10, ẹ wá èyí tó ní jíà irin, tí agbára rẹ̀ tó 20 sí 25 kg-cm, kẹ́ ẹ sì rí i pé ESC yín lè fún un ní iná tó fẹ́. Ìgbà yẹn la tó wá ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. T tí wọ́n ń kọ sí i lára ni iye ìgbà tí wáyà yí inú rẹ̀. Bí T bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìrìn á máa dínkù, ọwọ́ yín á sì máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa. 21T ló ń bá TRX-4 wá, 35T sì máa ń dùn lórí àpáta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá wà, Fusion tí Hobbywing ṣe kó ẹ́ńjìnnì àti ESC pọ̀ sójú kan, ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìjá gìrì.

Eruku, ooru àti bátìrì

Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń bọ̀ láti àríwá kò ní ibi tí kì í wọ̀. Ẹ má da òróró sí ara ṣáàfù àti ojú ìdè tó wà níta, ẹrẹ̀ ló máa dì síbẹ̀, yóò sì máa lọ ike bíi sáńpépà. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ń gbá a. Gíríìsì, inú axle ni tirẹ̀.

LiPo 2S, ìyẹn olójú méjì, kún ní 8.4V. Kí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan má wálẹ̀ ju 3.2V lọ, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú u fún ọ̀sẹ̀ kan, 3.8V ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ọkùnrin kan ta bátìrì kan fún mi tó ní tuntun ni. Nígbà tí mo dé ilé, ikùn rẹ̀ ti wú bí pọfupọ́ọ̀fù. Mi ò ṣájì í rárá. Láti ọjọ́ yẹn, ìkòkò amọ̀ tí mo da yanrìn sí nídìí ni mo fi ń gba iná fún tèmi, lóde, mi ò sì kí í fi í sílẹ̀ lọ síbì kankan.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa iná rẹ̀. Ẹ di táyà ẹ̀yìn méjèèjì mú, kẹ́ ẹ yí ti iwájú síwá sẹ́yìn. Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, jíà kan ti bó nínú. Ẹ mi táyà kọ̀ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì, bẹ́rínì tó ti kú á mì. Ẹ wá tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo nínú ike, kẹ́ ẹ sì tún dì í padà: bó bá ń yí láìdúró, wọ́n ti tú mọ́tò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ béèrè páàtì àtijọ́ tí wọ́n yọ lára rẹ̀, torí ẹni tó tọ́jú ìyẹn sínú ọ̀rá fún yín, ó tọ́jú mọ́tò náà pẹ̀lú.