CrystalDiskInfo: Ẹ Má Wo Àwọ̀ Rẹ̀ Nìkan

Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni mò ń yà ní Ìbàdàn, inú hard disk mẹ́fà ni mo sì ń kó wọn pamọ́ sí. Láti ìgbà tí ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbéyàwó odidi ìdílé kan nínú rẹ̀, oṣù kan kì í kọjá kí n má fi CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà kan, yẹ ìlera gbogbo wọn wò. Ará Jàpáànì kan tí ń jẹ́ hiyohiyo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é. Kò gba kọ́bọ̀, orí Windows nìkan ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́.

Hard disk àti SSD (irú díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) òde òní ní àkọsílẹ̀ tiwọn nínú, èyí tí à ń pè ní S.M.A.R.T.: iye wákàtí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, bí ara wọn ṣe gbóná tó, àti ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀. CrystalDiskInfo ń ka àkọsílẹ̀ yìí, ó sì ń fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́: búlúù bí ara bá le, yẹ́lò bí ó bá yẹ kí a ṣọ́ra, pupa bí nǹkan bá ti bàjẹ́. Àwọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò tí wọ́n fi ń pa á dé. Ibẹ̀ ni èmi ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé yẹ́lò kan náà ni a lè rí, ìbáà jẹ́ ojú kan (sector, àyè kékeré tí à ń kọ nǹkan sí) ló bàjẹ́ lórí díìsìkì tàbí ẹgbẹ̀ta.

Ìlà méjì ni mo máa ń wá lọ nínú àkọsílẹ̀ náà. 05 ń ka àwọn ojú tí díìsìkì ti pa tì, tó sì ti fi àyè mìíràn rọ́pò. C5 ń ka àwọn tí kò rí kà mọ́, tí kò sì tíì dá ẹjọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn díìsìkì mi ti wà lórí 8 ní ìlà 05 láti ọdún méjì, kò sún kúrò níbẹ̀. Òmíràn fi 10 hàn ní ìlà C5 lọ́jọ́ Ajé kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi yípo, ó ti di 58. N kò sùn lóru ọjọ́ náà títí mo fi ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo sì ti ka 10 yẹn sí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni! Ìkà hexadecimal tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò, èyí tó fi mẹ́rìndínlógún ṣe ìpìlẹ̀ dípò mẹ́wàá, ni ètò yìí fi ń kọ nọ́ńbà, àfi bí ènìyàn bá wọ Function, kó yan Advanced Feature, kó wá yí Raw Values sí èyí tí wọ́n kọ DEC sí (ìkà ẹlẹ́ẹ̀wàá tí a mọ̀). Àbùkù gidi ni mo ka èyí sí.

Lórí SSD tí mo fi ń ṣe àtúnṣe fídíò, ìlà Unsafe Shutdowns ń ka iye ìgbà tí iná ti lọ mọ́ ọn lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ NEPA kò ní béèrè ìdí tí tèmi fi ga.

Búlúù pàápàá kì í ṣe ìdánilójú. Nínú ìwádìí tí Google gbé jáde lọ́dún 2007 lórí hard disk tó ju 100,000 lọ, ó ju ìdajì àwọn tó kú lọ tí kò fi ìkankan nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù hàn kí wọ́n tó lọ. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni mò ń ṣe fún iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Díìsìkì tó dúró sórí 8 ṣì wà lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n fíìmù tí àwọn ọmọ ń wò nìkan ni mo jẹ́ kó máa gbé.