Jáàkì lódà mi tó ń jò, àti mẹkáníìkì méjì tí mo gbé e fún ní Ìkòròdú

Ọdún kẹta rèé tí katakata yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Massey Ferguson àtijọ́ ni, wọ́n de lódà, apá irin tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mọ́ ọn níwájú. Iṣẹ́ ẹ̀ lóko wa lẹ́yìn Odogunyan ò ju kó máa kó ìgbẹ́ adìyẹ jáde, kó sì máa bu yanrìn sẹ́yìn típà fáwọn tó bá wá rà. Oṣù Keje ni mo kọ́kọ́ rí ọ́ìlì lára jáàkì bọ́kẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún. Jáàkì ni gbogbo wa ń pè é, sìlíńdà ni ìwé ń pè é: páìpù tí ọ́ìlì ń ti ọ̀pá inú ẹ̀ wọlé jáde láti fi yí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fi àkísà nù ún, mo bá tèmi lọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń kán tó, tó, tó bí etí páánù lẹ́yìn òjò.

Ẹni tó bá ní irú Massey yìí, kó má fojú di jíjò bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí jáàkì ń lò ò ní táńkì tiẹ̀ lọ́tọ̀, òun náà ló wà nínú gíà àti nínú ìdí katakata. Gbogbo èyí tó bá kán sílẹ̀, gíà ló ń gbẹ.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó wá bá mi lóko, ó yọ jáàkì, ó fi hámà gbá kápù ẹnu ẹ̀ títí tó fi tú, ó sì fi síkúrúdíráfà wa síìlì àtijọ́, ìyẹn òrùka tó ń dí ẹnu jáàkì kí ọ́ìlì má baà jò, jáde bí ẹni ń wa ìgbín nínú ìkarahun. Ó ní òun ń lọ sọ́jà. Ó padà dé tòun ti síìlì kan nínú ọ̀rá. Mo bi í pé ṣé ó wọn ọ̀pá jáàkì kó tó lọ rà á. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: “Ọ̀gá, ogójì mìlímítà ni gbogbo wọn.” ₦22,000 ló gbà, owó síìlì àti iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré, jáàkì tún bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ò kán mọ́, ó ń ṣàn. Mo pè é lórí fóònù, ó ní ọ́ìlì mi ló fúyẹ́ jù. Nígbà tí mo tún pè é, kò gbé e mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń sin adìyẹ ló júwe ṣọ́ọ̀bù kejì fún mi, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ṣàgámù. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì méjì tí wọ́n fi ń gé irin ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Mo kí bàbá, mo gbé jáàkì sílẹ̀. Kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi tó fi ki àkísà bọ inú pẹtiróòlù, tó nu ọ̀pá jáàkì mọ́, tó sì fi kálípà, irin ìwọ̀n, kàn án níbi mẹ́ta. Ó kọ ojú kálípà sí mi: mìlímítà 38.1.

“Ínṣì kan ààbọ̀ nìyí. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi ínṣì ṣe nǹkan ni wọ́n ṣe lódà yín. Ta ló wá fi síìlì ogójì sí i? Bàtà bàbá ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé ká ṣáà ra síìlì tó bá a mu. Bàbá ní rárá, kí n fi èékánná wọ́ ọ̀pá náà láti òkè délẹ̀. Mo wọ́ ọ, èékánná mi há níbi mẹ́rin. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn nínú oòrùn, kírómù, irin dídán tí wọ́n fi bo ara ẹ̀, ti dá ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà. Bàbá yíjú sí awakọ̀ mi, ó ní báwo lẹ ṣe máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí tí iṣẹ́ bá parí? Awakọ̀ ní a máa ń dojú ẹ̀ délẹ̀ ni, kí òjò má baà kún inú ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ti dojú délẹ̀, gbogbo ọ̀pá jáàkì ẹ̀ ló yọ síta. Òjò ń rọ̀ sí i lóru, ìgbẹ́ adìyẹ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sàn-án. Omi á wọ abẹ́ kírómù, irin á dípẹtà, ìpẹtà á ti kírómù sókè, ibi tó bá sì ti hó, á máa rẹ́ síìlì bí ayùn nígbàkigbà tí jáàkì bá wọlé tó jáde. Bí mo tilẹ̀ ra síìlì tó dáa jù lọ láyé, kò ní lò tó oṣù kan lórí ọ̀pá yẹn.

Bàbá rán ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan tẹ̀lé mi lọ sí Owódé Onírin láti wá ọ̀pá ínṣì kan ààbọ̀. Èyí tá a kọ́kọ́ rí ń dán gbinrin. Ọmọ náà yí i lórí tábìlì irin, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀, a sì rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀ láàárín, tó tún ń pa mọ́. Ó ti tẹ̀. Lójú tèmi, mi ò lè mọ̀ láé. Ara jáàkì forklift kan tó ti kú ni wọ́n ti gé èyí tá a rà, ₦35,000 lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdúnàádúrà.

Mo jókòó ti wọn lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó. Wọ́n ti jó orí àtijọ́ mọ́ ọ̀pá tuntun, wọ́n sì ri ibi tí wọ́n jó náà mọ́ inú eérú gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì kó lè tutù díẹ̀díẹ̀, torí irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń sán tó bá tutù lójijì. Wọ́n lọ inú páìpù jáàkì náà díẹ̀. Síìlì ọ̀pá, ńṣe ni bàbá ká a bí èso kajú kó tó tì í wọ inú kápù, ó sì fi hàn mí pé ibi tí ọ́ìlì ti ń bọ̀ ni ẹnu síìlì gbọ́dọ̀ kọjú sí: ọ́ìlì tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbára ló máa ya ẹnu ẹ̀ tó fi máa gbá ọ̀pá mú. Síìlì tó ń wọ orí písítìn, ìyẹn ìdí ọ̀pá tó wà nínú páìpù, omi gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí. Wọ́n fi ọ̀rá wé ojú ìrẹ́ nọ́ọ̀tì kó má baà ya síìlì.

Òun fúnra ẹ̀ ló bá wa dé oko láti dè é. Kó tó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì, ó ní ká sọ apá lódà kalẹ̀, ká pa ẹ́ńjìnnì, ká sì ti ọwọ́ lódà, èyí tí awakọ̀ fi ń darí ẹ̀, síwá sẹ́yìn kí agbára tó kù nínú ẹ̀ lè jáde. Nígbà tá a tan án, awakọ̀ fẹ́ fi ọwọ́ yẹ orí họ́ọ̀sì wò bóyá ó ń jò. Bàbá gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Ó já páálí, ìyẹn ló gbé síbẹ̀. Ọ́ìlì tó ń fi agbára jáde nínú ihò abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé, ojú ẹ̀ á dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ẹni tí kò bá tètè dé ọsibítù lè pàdánù ọwọ́ ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá la rọra gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ sókè sódò kí atẹ́gùn lè tán nínú jáàkì. Ó kọ́kọ́ ń já wìtìwìtì, nígbà tó yá ó dúró jẹ́ẹ́. A bu ọ́ìlì kún un.

Oṣù kẹrin rèé, kò kán. Mo ti kó yanrìn tútù kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sókè, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: láàárín wákàtí kan, ohun tó fi wálẹ̀ ò tó ìbú ìka. Bàbá ní ìwọ̀nba yẹn lè wá láti ibi ọwọ́ lódà.

Àròyé tèmi: ọjọ́ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò, típà méjì sì bínú lọ nítorí ẹ̀. Ọmọ kan fín ọ̀dà bo ibi tí a ti ń fa gíríìsì sí, èmi ni mo fi ìṣó họ ọ́ kúrò. Wọn ò já rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gárántì wọn. Síìlì gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦19,500, iṣẹ́ ₦48,000, ẹ ro owó ọ̀pá mọ́ ọn, ₦102,500 ni. Odidi jáàkì tòkunbọ̀ tí wọ́n pè fún mi, ₦190,000 ni, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n tú u wò kí n tó sanwó. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn. Ẹyọ karùn-ún wà nínú ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi lé e yẹn.

Mo ti gbé jáàkì apá òsì náà lọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé, torí èékánná mi há níbi kan lára ẹ̀. Bàbá ní ọjọ́ méjì. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.