Ohùn Kilarinẹ́ẹ̀tì Tó Tínrín: Ìfiwéra Yamaha 4C, Vandoren 5RV Lyre àti Vandoren B45

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ló gbà pé bí ohùn bá ti tínrín, ẹnu fèrè tuntun ni oògùn rẹ̀. Ẹnu fèrè a máa ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ èémí tí kò lágbára di ohùn tó kún, nítorí náà kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ kọ́kọ́ yẹ bí ẹ ṣe ń fọn ún wò.

Ẹ yọ ẹnu fèrè pẹ̀lú bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá kúkúrú tó tẹ̀ lé e), ẹ fọn àwọn méjèèjì nìkan, kí ẹ sì fi áàpù ìyẹ-ohùn orí fóònù gbọ́ ọ. F ṣáápù ti dùùrù ló yẹ kó jáde. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ń fi ètè há ríìdì (pẹlẹbẹ esùsú tí a dè mọ́ ẹnu fèrè) mọ́, kò sì ráyè gbọ̀n. Èyí gan-an ló sábà ń sọ ohùn di tínrín. Bí ó bá wálẹ̀, ètè ti tú jù tàbí kí ahọ́n máa sùn sílẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ ti bébà bọ àárín ríìdì àti ẹnu fèrè: ibi tí bébà bá dúró sí ni ètè ìsàlẹ̀ yẹ kó wà. Ríìdì tó ti rọ̀ jù náà a máa dá kún un, ẹ sì ṣọ́ ọ nígbà ọyẹ́, tí gbígbẹ ń mú kí etí rẹ̀ ká.

Bí gbogbo èyí bá ti gún tí ohùn kò sì tíì kún, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rírà kàn.

Yamaha 4C, tó sábà máa ń bá kilarinẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ ilé-iṣẹ́ náà wá, jẹ́ oníke, àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó rẹ̀ àti ríìdì sì jẹ́ mílímítà 1.05. Ó rọrùn láti fọn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjì yòókù, tí Vandoren ti ilẹ̀ Faransé ń fi rọ́bà líle ṣe, owó wọn ga ju tirẹ̀ lọ. Àlàfo 5RV Lyre jẹ́ 1.095, kò jìnnà sí ti 4C, nítorí náà ètè yóò tètè mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú ríìdì nọ́ńbà 3 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ríìdì ṣe le tó), ohùn rẹ̀ a máa ki, a sì máa dúró sójú kan. Ti B45 jẹ́ 1.195. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà torí pé ó ń ké sókè, ṣùgbọ́n ó ń gba èémí púpọ̀, ẹni tó bá sì gbé ríìdì líle lé e, ètè yóò rẹ̀ ẹ́ kí ìsìn tó parí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há ríìdì mọ́, ohùn yóò sì tún tínrín. Ẹ fi 2½ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Èmi yóò mú 5RV Lyre fún ẹni tí ń bá akọrin ṣiṣẹ́ nínú ilé ìjọsìn. B45 yẹ ẹni tí èémí rẹ̀ jinlẹ̀, tó sì ń fọn ní ìta gbangba, níbi ìwọ́de tàbí ìsìnkú.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀ dáadáa bóyá ó ti ṣán. Ẹ de ríìdì mọ́ ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: ríìdì yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kó tó tú sílẹ̀. Bí kò bá lẹ̀, ẹ pààrọ̀ ríìdì. Bí kò bá tún lẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ gbé fèrè tiyín lọ dán an wò, kí ẹnì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán gbọ́ yín, nítorí egungun orí ń gbé ohùn dé etí ẹni tó ń fọn lọ́nà tí olùgbọ́ kò lè gbà gbọ́ ọ.