IN2 ti Easy Composites: résìn tí mo yàn fún páńẹ́ẹ̀lì kábọ̀n

Tí ẹ bá ń wá résìn epoxy (oje olómi tó máa ń dì le) tí ẹ ó fi vacuum, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, fà wọ inú aṣọ kábọ̀n tàbí ti fíbà, IN2 tí Easy Composites ń tà ní Stoke-on-Trent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà. Ó ṣàn bí òróró. Páńẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni mo máa ń ṣe, lórí gíláàsì tí mo ti fi wáàsì pa, résìn yìí sì máa ń dé gbogbo igun aṣọ láìfi ojú gbígbẹ kankan sílẹ̀.

Háádénà (ohun tí ẹ ó pò mọ́ résìn kó lè dì) méjì ló wà fún un, AT30 Fast àti AT30 Slow, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní Fast á jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Bẹ́ẹ̀ résìn gbọ́dọ̀ rin páńẹ́ẹ̀lì já kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ní nǹkan bíi 25°C, Fast kò ní fún yín tó ogún ìṣẹ́jú. Slow á fún yín ju wákàtí kan lọ. Tí páńẹ́ẹ̀lì bá ti fẹ̀, Slow ni o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ má tilẹ̀ wo ọ̀nà Fast nínú ooru oṣù kẹta: bí ooru bá fi bíi 10°C lé sí i, àkókò yẹn á dín dé nǹkan bí ìdajì. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ pò ó. Òtútù ló ń dààmú àwa tiwa. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń gbé ike résìn sínú yàrá tó móoru, torí òtútù máa ń mú un ki.

Gíráàmù 100 résìn, gíráàmù 30 háádénà. Orí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi résìn polyester ṣe ọkọ̀ ojú omi, ẹ ti mọ̀ pé èèyàn lè fi díẹ̀ kún kátálíìsì kó lè tètè dì. Epoxy kì í gba ìyẹn rárá. Tí háádénà bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, páńẹ́ẹ̀lì ò ní le dáadáa láéláé. Ẹ rò ó pẹ́, kẹ́ ẹ ha etí ike, kẹ́ ẹ dà á sínú ike mìíràn, kẹ́ ẹ tún rò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, torí ara tó bá ti kọ epoxy lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́.

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí résìn wọlé, ẹ dí páìpù, ẹ pa pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ máa wo géèjì tó ń wọn vacuum. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan nìyẹn, kò sì sí résìn tó lè gba páńẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ ihò wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tètè dà á sínú àwo fífẹ̀ níta, torí tó bá wà lójú kan ó máa ń gbóná títí á fi máa rú èéfín.

Bíi gbogbo epoxy, oòrùn máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ẹ fi fáníìṣì tó ń dènà oòrùn bò ó. Páńẹ́ẹ̀lì kábọ̀n dúdú tí yóò wà lórí mọ́tò tún gbọ́dọ̀ wọ ààrò, kí ẹ máa gbé ooru rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kó tó jáde sínú oòrùn.