Long-EZ fún ẹni tó fẹ́ wà á láti ìhà Àjàṣẹ́

Kìlómítà 7,725 ni Dick Rutan, awakọ̀ òfurufú ará Amẹ́ríkà, fi Long-EZ, bàálù kékeré tí èèyàn lè kàn fúnra rẹ̀, fò ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, ó ń yípo ojú ọ̀nà kan náà láìbalẹ̀ ra epo. Láti Kútọnu dé Paris, kò ju bíi 4,700 lọ. Burt, àbúrò Dick, ló ya àwòrán bàálù náà, ọdún yẹn náà ló sì kọ́kọ́ gbéra. Burt yìí ló tún ya Voyager, bàálù tí Dick àti Jeana Yeager fi yí ayé po ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dún 1986 láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ní 1997, Dick àti Mike Melvill tún gbé Long-EZ méjì yí ayé ká, àmọ́ wọ́n ń balẹ̀ lọ́nà. Dick kú ní 2024. Long-EZ ṣì ń wọ ọjà ní àlòkù, òun la fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀: wọ́n fi àfikún táńkì sí èyí tó lọ 7,725 yẹn. Èyí tí wọ́n kàn bí àwòrán ṣe wí ń gbé bíi lítà 195. Bí ẹ bá fi ẹnjìnnì Lycoming O-235 rẹ̀ rìn níwọ̀nba, bíi kìlómítà 250 ní wákàtí, ó ń mu bíi lítà 20 ní wákàtí kan. Ẹ lè lọ sí Abidjan láti Kútọnu kí ẹ sì padà, epo á ṣì ṣẹ́kù. Takisí àlòkù tó ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní ti epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kpayo, èsáǹsì fàyàwọ́ ẹ̀bá títì, sí i. Omi àti ìdọ̀tí inú ìgò nìkan kọ́ ni wàhálà: ẹni tó tà á gan-an ò mọ bí èsáǹsì náà ṣe le tó, epo tí kò bá sì le tó ń mú kí ẹnjìnnì máa dún gbọ̀ngbọ̀n títí písítìnnì á fi jó.

Ọ̀rọ̀ òjò ni kí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà kọ́kọ́ bèèrè. Apá kékeré wà níwájú Long-EZ, apá ńlá wà lẹ́yìn. Ti iwájú yìí ló ń gbé imú ró. GU ni wọ́n ń pe èyí tó wà lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí atẹ́gùn máa yọ̀ kọjá lára rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí ẹ̀kán òjò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, atẹ́gùn á ṣí kúrò lára rẹ̀, agbára rẹ̀ á dínkù, imú á máa tẹ̀ wálẹ̀, awakọ̀ á sì máa fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra. Òkú kòkòrò tó bá gbẹ mọ́ etí iwájú apá náà lè ṣe irú rẹ̀. Lókè, a lè fara dà á. Bó bá di pé a fẹ́ balẹ̀, a ní láti fi eré púpọ̀ wọlé, pápá tí a ó lò á sì gùn sí i, bẹ́ẹ̀ mítà 800 olódà ni ó kéré jù tí a lè fọkàn balẹ̀ lò, àní lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ. John Roncz ló ya R1145MS tó gbapò GU, òjò kì í sì yọ ọ́ lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín tí òjò ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin dé Keje, tó tún ń padà wá ní Kẹsàn-án, ẹ má ra èyí tó ṣì gbé GU àfi bí owó apá tuntun bá wà lápò.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i níbi tí wọ́n gbé e sí á rò pé ó ti bàjẹ́: ó kúnlẹ̀, ó fimú kanlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Ẹ̀yìn ni ẹnjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ tó ń ti bàálù wà. Bí imú bá wà lókè tí kò sí awakọ̀ lórí àga iwájú, ó lè ṣubú sẹ́yìn kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ ni wọ́n ń gbé imú sókè, tí wọ́n á fọwọ́ yí ẹsẹ̀ iwájú jáde. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn yìí náà ni kò jẹ́ kó yẹ ilẹ̀ pupa ìhà Kétu tàbí Ṣábẹ̀. Òkúta tí táyà bá ta, abẹ̀bẹ̀ ló ń gbà á. Skúrúù kan ṣoṣo tó bá tú lára ìbòrí ẹnjìnnì, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ẹ fẹ́ kàn án fúnra yín? Burt ò ta àwòrán mọ́ láti 1985, ọwọ́ ẹni tí kò lo tirẹ̀ la ti ń rí i rà. Fóòmù búlúù ló wà nínú apá, aṣọ gíláàsì tí a fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ ló bò ó; wáyà gbígbóná la fi ń gé fóòmù náà. Fóòmù urethane, ọ̀bẹ ni o: bí wáyà gbígbóná bá kàn án, èéfín olóró ló ń tú jáde. Ẹ sì rántí pé èsáǹsì ń yọ́ fóòmù búlúù bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀, torí náà táńkì tó bá ń jò lè jẹ inú apá tán kí ojú tó rí i. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn epoxy, ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀ nínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ooru wa, ife tó kún á gbóná fúnra rẹ̀, á rú èéfín, á sì dì kí ẹ tó lò ó dé ìdajì. Ọ̀rinrin máa ń fi nǹkan bí ọ̀rá sójú èyí tó ti gan. Bí ẹ ò bá fomi fọ̀ ọ́ kí ẹ fi sáńpépà ha á, aṣọ gíláàsì tó kàn ò ní lẹ̀ dáadáa. Àsìkò ọyẹ́ ló dáa jù, bí ẹ bá lè lé eruku. Ọ̀dà funfun ni kí ẹ fi parí rẹ̀, torí oòrùn ń mú epoxy rọ̀ lábẹ́ àwọ̀ dúdú.

Èyí tí ẹlòmíràn kàn, ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ wá nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yí epo láti táńkì kan sí èkejì. Àwòrán fi í sí àárín ẹsẹ̀ awakọ̀. Nínú èyí tó já pẹ̀lú akọrin John Denver ní 1997, ẹ̀yìn èjìká òsì ni ẹni tó kàn án gbé e sí; ẹni tó bá yíjú sẹ́yìn láti dé ibẹ̀ lè fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìdarí láìmọ̀. Bí ọwọ́ yín ò bá tó o láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga, ẹ yọ iye tí yóò ná yín láti gbé e padà síwájú kúrò nínú owó tí wọ́n pè.