Ìkìlọ̀: géètì eré sísá àti ẹní ìfò tí wọ́n ń gbé kiri l'Óṣogbo, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin tíṣà eré ìdárayá, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń dáwó jọ ra irinṣẹ́ fún àwọn ọmọ: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbé páálí kiri láti ẹnu pápá ìṣeré dé iwájú ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ka eré sísá àti ìfò ni àwọn ń tà. Géètì ni ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán kọjá ojú ìlà, tó sì ń ka àkókò bí ọmọ bá sá ré e kọjá; ẹní ìfò ni èyí tí ọmọ ń fò lórí rẹ̀ kí ẹ lè mọ bó ṣe fò ga tó. Páálí á dán. Ojú ẹ̀rọ á máa kọ ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn pọ́ìǹtì: 4.317, 4.286. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn gan-an ni ìdẹ. Ẹ̀rọ lè kọ 4.317 kó má sì mọ ìyàtọ̀ 4.3 sí 4.4.

Ayédèrú géètì pín sí oríṣi méjì. Èyí tó rọrùn láti dá mọ̀ ni ojú iná ìta, irú èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá kọjá lójúde. Ike funfun tó rí bí ìdajì bọ́ọ̀lù kékeré, tó ní ìlà wínníwínní, ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Ooru ara tó ń rìn ló ń wò, àyè tó sì ń wò fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó lè rí ọmọ kan nígbà tó kù bíi mítà kan kó dé ìlà, kó wá rí èkejì lẹ́yìn tó ti kọjá. Bó bá ti rí ẹnì kan tán, á fọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kàn gbé e padà fún olùtajà.

Oríṣi kejì ló le, nítorí ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ ìtànṣán gidi. Sẹ́ńsọ̀ fẹ́ǹsì ni, tí wọ́n ṣe fún alámù olè, tí wọ́n wá bọ́ lórúkọ, tí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ lára. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kí ewé tó ń já tàbí ẹyẹ tó ń fò máa dá alámù sílẹ̀, nítorí náà ó máa ń dúró kí nǹkan dí ìtànṣán fún ìgbà kan kó tó gbà pé ẹnì kan kọjá. Ní ọ̀pọ̀ wọn, 0.05 ìṣẹ́jú àáyá ni ìgbà tó kéré jù tí èèyàn lè sètò rẹ̀ sí. Ẹ wá ṣe ìṣirò: ọmọ tó ń sá mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ara rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kò ní lò ju 0.04 lọ láti ré ìtànṣán kọjá. Géètì kò ní rí i. Bó bá rí i, á jẹ́ pé apá tó ń jù ló bá àyà rẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ìdí nìyí tí olùtajà fi máa ń fúnra rẹ̀ sá sẹ́sẹ́sẹ́ kọjá nígbà tó bá ń fi hàn yín. Ẹ ní kó dúró, kí ẹ pe ọmọ tó yára jù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé bá jiyàn: ẹ to géètì méjèèjì kí ìtànṣán kan ga ní mítà 1.3 sílẹ̀, kí èkejì wà ní 0.3, lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ mú ègé pákó tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ìtànṣán òkè. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ má tì í. Láti ìtànṣán òkè dé ti ìsàlẹ̀, nǹkan bíi 0.29 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò jẹ́. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ojúlówó á máa wá sí ibì kan náà. Bí èyí tó pọ̀ jù bá fi ju 0.02 lọ yàtọ̀ sí èyí tó kéré jù, ẹ dìde. Sẹ́ńsọ̀ fẹ́ǹsì kò tilẹ̀ ní kọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń fa pákó, olùtajà ò sì lè bá ilẹ̀ dúnàádúrà.

Ìta ni kí ẹ ti dán an wò, nínú oòrùn ọ̀sán, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn tó bá kọjú sí gíláàsì iwájú géètì tààrà lè fọ́ géètì lójú.

Ẹ má sì gbà bí olùtajà bá ní géètì òun bá aago ọwọ́ mu, ìyẹn aago tí èèyàn ń fi ìka tẹ̀ bí eré bá bẹ̀rẹ̀ àti bó bá parí. Aago ọwọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Nínú eré mítà 100, 0.24 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n máa ń fi kún àkókò aago ọwọ́ kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà, sá 12.12 nínú eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ní Eugene, l'Amẹ́ríkà, ní 2022, 0.08 péré ló fi yára ju 12.20 tó jẹ́ àkókò tó dára jù lágbàáyé tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé 0.24.

Ẹní ìfò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà jẹ́ ẹní ijó orí kọ̀ǹpútà tàbí ẹní alámù ẹnu ọ̀nà. Ẹní ìfò kì í wọn gíga. Àkókò tí ẹsẹ̀ fi wà lófuurufú ló ń kà: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 9.81 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 8 pín in, mítà ló jáde. 0.50 ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.7, 0.52 jẹ́ 33.2. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹní wò ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 0.02 kò lè rí ohunkóhun láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni sẹ̀ǹtímítà méjì lè jẹ́ èrè oṣù kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́. Fóòmù tó wà nínú ẹní ijó tún máa ń lọ́ra láti wú padà bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí rẹ̀, á sì gé ìfò kúrú.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, kì í ṣe koríko. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ gbogbo igun rẹ̀, nítorí ojú kan lè ti kú. Kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì dìbàdí, kó fò, kó balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà. Ọmọ tí olùtajà mú wá á máa ká orúnkún kó tó balẹ̀, ìyẹn ló fi ń rí sẹ̀ǹtímítà 70 tó ń fi yangàn. Ẹ fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá ká a, kí ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ìka ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí tó fi kàn án padà. Àwòrán 120 jẹ́ 0.50. Bí ìyàtọ̀ fídíò àti ẹní bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ nínú ìfò márùn-ún, ẹ ń ra ọ̀bọ lápò.

Ẹ tún ṣí ilé bátìrì wò. 18650, bátìrì róbótó tó gùn díẹ̀ ju ìka lọ yẹn, tí wọ́n kọ 9900 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà) sí lára, irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ojúlówó rẹ̀ kì í ju bíi 3500 lọ. Ẹni tó bá purọ́ lórí bátìrì, kí ló kù tí kò ní purọ́ lé lórí?

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni kí ẹ tó fi pákó tó ń já bọ́ dán an wò. Ẹni tó bá ti ra sẹ́ńsọ̀ fẹ́ǹsì ná, kó kàn án mọ́ fẹ́ǹsì ilé rẹ̀; ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.